Ìyàwó Tí Kò Lè Pe Ewúro

"Bọ̀wọ̀ fún àna, ṣùgbọ́n pe ewé lórúkọ." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí? Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí àgbà tí kì í pa á. Bí ẹnìkan bá ń rojọ́ tí ó ń yí ọ̀rọ̀ po, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún gan-an, àgbà kan á dá a dúró, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, pe ewé lórúkọ." Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ṣé a mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Mo ti bi àwọn ọmọ mi, wọn ò mọ̀. Mo bi àwọn kan tó jù mí lọ pàápàá, wọ́n ní òwe ṣáà ni. Òwe kì í kàn já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ilé kan ni èyí ti jáde, ilé ọ̀hún ni wọ́n sì ti bí ìyá mi.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. N óò sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi, nígbà tí a jọ máa ń fọ ewúro lẹ́yìnkùlé. Á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, á máa gbo ó títí ẹ̀hó rẹ̀ á fi kún inú agbada, á da omi yẹn nù, á bu òmíràn. Èmi á jókòó sórí ọlọ tí wọn ò lò mọ́, n óò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá gbóòórùn ewúro tútù dòní, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́. Kì í yára sọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi tó le, ọwọ́ rẹ̀ á dúró nínú omi.

Ìbídùn lorúkọ ìyá mi àgbà yìí. Ìdí-Ìyeyè ni abúlé tí wọ́n gbé e lọ sílé ọkọ ń jẹ́, nítorí igi ìyeyè ńlá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé ọkọ rẹ̀. Lábẹ́ igi náà ni baba ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, tí á máa hun agbọ̀n. Ewúro ni wọ́n ń pe baba yìí. Kì í ṣe ìnagijẹ, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn òbí rẹ̀ ti bí, wọ́n ti sin. Wọ́n tún bí, wọ́n tún sin. Nígbà tí wọ́n wá bí òun, baba rẹ̀ ní àwọn ọmọ tó dùn ni ikú ń gbé mì, kí wọ́n sọ èyí ní Ewúro, bí ikú bá fẹnu kàn án kó tu ú dànù. Ikú fẹnu kàn án lóòótọ́. Ó ṣàìsàn títí wọ́n fi ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ pé ó ti lọ. Ó sín. Ó dàgbà, ó láya, ó bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan péré. Ọkùnrin náà, Oyèdèjì, òun ló fẹ́ Ìbídùn. Gbogbo ìran baba náà, orí Oyèdèjì nìkan ló wà.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kó tó wọlé. Orúkọ adùn ni á wá fún wọn. Àbúrò ọkọ Ìbídùn, ọmọge tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, Ìbídùn sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn dé ibi pé kò tún pa ẹnu dé mọ́, ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín pàápàá á rẹ́rìn-ín sí i. Ti àwọn tó kù rọrùn bẹ́ẹ̀. Ibi orúkọ baba ni wàhálà wà. Ewé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń sè é jẹ, wọ́n ń tà á lọ́jà. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe fẹ́ pè é?

Ìyá Oyèdèjì, ìyẹn aya baba, òun ló dá ọgbọ́n rẹ̀ nígbà tí òun náà jẹ́ ìyàwó. Ó ń pe ewúro ní "Ewé Bàbá." Àwọn ìyàwó tó wọ agboolé lẹ́yìn rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ewúro ti wá ń jẹ́ Ewé Bàbá, wọ́n fi "ewé kíkorò" pe ejìrìn, èyí tó máa ń fà lórí ọgbà, tí wọ́n máa ń fún mu bí ibà bá ń ṣe wọ́n. Ó ti pẹ́ débi pé wọn ò rántí mọ́ pé ẹnà ni wọ́n ń pa. Ní gbogbo Ìdí-Ìyeyè, agboolé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A kì í sì í mú ìyàwó jókòó kọ́ ọ nírú èyí. Etí ni á fi gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn kò tí ì pẹ́ nílé tó bẹ́ẹ̀. Kò tí ì gbọ́ ọ.

Oyún dé. Ẹ rántí pé a kì í pariwo oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí ojú ayé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ sì gba oko ẹgàn lọ lọ́jọ́ kejì láti lọ bá wọn kórè, ó ní bí òun bá dé òun á fi tó àwọn àgbà létí. Ìbídùn wá wà nílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin obìnrin á mọ èyí tí mò ń wí. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó bá jí, oúnjẹ ò wọlé, òórùn epo ń rìn ín. Ó rántí pé nígbà tí ìyá òun lóyún àbúrò òun, ó máa ń já ṣóńṣó ewúro kan, á jẹ ẹ́ lẹ́nu, itọ́ náà á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn nìkan ló fẹ́. Ṣóńṣó ewé kan.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù láàárọ̀ ọjọ́ kan, agolo tó bu yẹ̀pẹ̀ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tutọ́ sí i. Eyínfúnjowó ń gbálẹ̀ lọ, ó dúró, ó wò ó.

"Ìyàwó, itọ́ tí o tu láàárọ̀ yìí tó fi po amọ̀ ilé o."

"Ara mi ni ò yá, Eyínfúnjowó. Ẹ dákun, ẹ bá mi já ewé..." Ó dákẹ́. Orúkọ baba ti dé ètè rẹ̀, baba sì ń bẹ lábẹ́ igi níta, ó ń wúkọ́. Ó gbé e mì. "Ẹ bá mi já ewé kíkorò díẹ̀ lẹ́yìnkùlé."

Eyínfúnjowó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ìyá rẹ̀ ló lọ bá. Ó ní ara ìyàwó ò yá, ó ní ó ń béèrè ewé kíkorò. Kí ni ìyá arúgbó ì bá tún rò? Ara ò yá, ewé kíkorò: ibà ni. Ẹ má sì bá mi bú ìyá yìí, nítorí ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ lọ já ejìrìn lórí ọgbà, ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó sẹ́ ẹ, ó kún igbá kan. Òun fúnra rẹ̀ gbé e wá.

Ìbídùn wo inú igbá. Ìyá mi àgbà máa ń dúró níbí bó bá ń sọ ọ́. Ó ní òun rí i pé kò jọ tewúro. Ó ní òórùn rẹ̀ yàtọ̀, òórùn igbó ni, kì í ṣe òórùn ọbẹ̀. Ó sì ní òun ò béèrè igbá kan, ewé kan lòun béèrè. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni ìyá ọkọ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún àgbo fún, tí á ní kí ni èyí? Ó kúnlẹ̀, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún tán, ó ní ẹ ṣé, ìyá mi.

Oòrùn ò tí ì gun òkè nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Kì í ṣe inú rírun lásán. Ó ń wá, ó ń lọ, ó ń tún wá, ìdí rẹ̀ sì wúwo. Nígbà tó dìde láti lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró abẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ ni, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ni lọ́wọ́. Ó padà, ó dùbúlẹ̀, ó ká ìró náà sábẹ́ ara rẹ̀ kí ẹnìkan má rí i. Ó ń kérora. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní ibà ló ń bá ewé jà, pé bó bá ti le báyìí, àfi kí àwọn fi igbá kejì lé e. Ó tún fún ejìrìn mìíràn sínú igbá. Ó ní kí Eyínfúnjowó gbé e wọlé.

Ẹnu ọ̀nà tó gbà kọjá ni baba ti ń hun agbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó béèrè ohun tó wà nínú igbá. Ọmọ rẹ̀ ní ejìrìn ni, pé ìyàwó ló ní kí wọ́n bá òun já ewé kíkorò.

Baba padà sídìí agbọ̀n rẹ̀. Ó fa ọ̀pá igi kan kọjá, ó fa èkejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyá mi àgbà ní ohun tó gba òun là ni pé baba yìí jẹ́ ẹni tó máa ń fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ilé rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó mọ̀ pé nínú agboolé òun nìkan ni wọ́n ti ń pe ejìrìn ní ewé kíkorò. Ọmọ ará ibòmíràn ni Ìbídùn. Níbo ló ti gbọ́ ọ? Ó ní kí Eyínfúnjowó dúró pẹ̀lú igbá náà. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù, kò wọlé. Ó bi Ìbídùn láti ìta pé ewé wo ló béèrè.

Ìbídùn ní ewé kíkorò ni. Baba ní èwo nínú àwọn tó korò. Ó ní èyí tó wà lẹ́yìnkùlé. Baba ní ọ̀pọ̀ ewé ló wà lẹ́yìnkùlé. Ó ní èyí tí wọ́n máa ń fọ̀. Èyí tó máa ń hó. Èyí tí wọ́n máa ń fi se ọbẹ̀. Ó sún mọ́ orúkọ náà, ó tún sá, bí adìyẹ tó rí àgbàdo lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ìyá ọkọ ti dé síbẹ̀ nígbà yẹn, ó ń sọ pé kí baba jẹ́ kí ọmọ mu oògùn rẹ̀ ná. Baba gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Ìyàwó, kí ni mo ń jẹ́?"

Ìbídùn kọjú sí ògiri.

"Pè mí lórúkọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹnu mi ò gbà á."

"Ikú pàápàá pè mí bẹ́ẹ̀, ó fẹnu kàn mí, ó tu mí sílẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa pè mí tí n óò kú? Pè mí."

Ìbídùn fi ìborùn bo ojú. Ó ní òun rò pé ilẹ̀ máa lanu. Ó wí i jẹ́jẹ́, inú aṣọ ló wí i sí.

"Ewúro."

"Hẹ̀n. Ewúro lo fẹ́?"

"Ṣóńṣó kan ni, Bàbá. Kí n fi pa itọ́."

Baba ò mọ ohun tí itọ́ ń sọ. Ìyá Oyèdèjì ló mọ̀ pé oyún ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó wo ìyàwó tó ká jọ sórí ẹní, ó wo igbá lọ́wọ́ Eyínfúnjowó, ó gbá a dànù. Àbàwọ́n ejìrìn náà wà lára ògiri yẹn fún ìgbà pípẹ́. Èmi ò bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì máa ń rò pé mo rí i.

Ọmọlanke tí baba fi ń kó agbọ̀n lọ sọ́jà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, wọ́n gbé Ìbídùn lé e, ó di ilé ìgbẹ̀bí tó wà níwájú odò. Baba arúgbó náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ìyá Adéòtí ni wọ́n ń pe agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ nígbà náà, obìnrin tó sanra, tí kì í gba ìsọkúsọ. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó béèrè ohun tó mu. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Baba ló dáhùn. Ó ní ejìrìn ni, igbá kan, láàárọ̀ yìí, kò sì mu èkejì.

Ìyá Adéòtí wò ó dáadáa. Ó ní bí gbogbo àwọn tó ń gbé aboyún wá bá òun bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀, òun ì bá máa sùn. Ó ní "ewé ni," "àgbo ni," ni wọ́n máa ń wí fún òun. Ewé wo? Àgbo kí ni? Wọn kì í mọ̀, àwọn tó mọ̀ kì í sọ. Ó wá ṣàlàyé fún ìyá Oyèdèjì, láìbú u, pé ewé tó ń lé ibà lára ẹni tó ń ṣàìsàn lè máa fa ilé ọmọ lára ẹni tó lóyún, pé ewé ò mọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ mu ún, iṣẹ́ tó mọ̀ ní ń ṣe. Ó ní igbá kejì yẹn, òun ò fẹ́ rò ó. Wọ́n dá Ìbídùn dúró síbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, wọ́n ní kó lọ sílé, kó máa sinmi, kó má gbé ohun tó wúwo. Wọn ò ṣèlérí fún un pé ọmọ náà á dúró. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ẹni tó ṣọ́ ọ ni baba. Ó gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìyeyè, ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù ìyàwó ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń hun agbọ̀n. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kọjá, á na ọ̀pá dí ọ̀nà, á ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ ni, á ní ẹ̀kọ kí ni. Ẹ̀kọ àgbàdo, Bàbá. Bí wọ́n bá ní omi ni, á ní omi ibo. Eyínfúnjowó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á gbé àwo òfìfo kọjá, á ní, "Bàbá, àwo ni orúkọ rẹ̀, kò sóhun tó wà nínú rẹ̀." Baba á yẹ inú rẹ̀ wò kó tó gbé ọ̀pá. Ìbídùn á máa gbọ́ wọn láti orí ẹní. Ó ní òun ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, ẹ̀rù sì ń ba òun nínú ẹ̀rín náà, nítorí wọ́n ní kó máa rọra rẹ́rìn-ín.

Ọmọ dúró. Obìnrin ni. Baba ló fún un ní oríkì, ó pè é ní Àpèkẹ́. Ó ní a pe ohun kan lórúkọ kí a tó rí ọmọ yìí kẹ́. Àpèkẹ́ yẹn ni ìyá mi.

Láti ìgbà náà ni baba ti dá àṣà kan sílẹ̀ ní agboolé náà. Ìyàwó tuntun tó bá wọlé, ní àárọ̀ kejì, wọ́n á mú un lọ sídìí ewúro lẹ́yìnkùlé, baba á wà níbẹ̀, wọ́n á ní kó pe ewé náà. Àwọn mìíràn á sunkún. Àwọn mìíràn á sọ ọ́ sínú. Baba á ní, "Sọ ọ́ kí igi gbọ́." Bí ó bá ti sọ ọ́ síta, baba á dáhùn, á ní, "Mo wà níhìn-ín, ìyàwó," gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ fún un pé, bọ̀wọ̀ fún àna, ṣùgbọ́n pe ewé lórúkọ. Ibẹ̀ ni òwe náà ti jáde. Àwọn ìyàwó gbé e lọ sọ́jà, ọjà gbé e lọ síbi gbogbo.

Baba ti lọ. Wọ́n ti gé ìyeyè náà, ọ̀nà ọ̀dà ló gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Kò sẹ́ni tó tún ń hun agbọ̀n. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo wá ibi tí ewúro wà, mi ò rí i. Ejìrìn ló kún ibẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nìyí. Ọmọ mi Mosúnmọ́lá lóyún, àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ọ̀nà jìn sí mi. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé ìyá ọkọ òun fún òun ní àgbo nínú ike kan, pé gbogbo aboyún àdúgbò àwọn ló ń mu ún. Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ní àgbo aboyún ni. Mo ní mo gbọ́, ewé wo. Ó ní ẹni tó ń sè é kì í sọ, àṣírí ìdílé ni. Ó ní òun ò lè máa bi ìyá ọkọ òun léèrè, pé kó má dà bíi pé òun fura sí wọn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó dájú pé wọ́n wà nítòsí. Mo wí fún un pé kó gbé ike náà pa mọ́, kó má tíì fi kan ẹnu, kó mú un dání lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì bó bá ń lọ fún àyẹ̀wò. Mo wí òwe náà fún un. Ó ní, "Màámi, mo ti gbọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Fóònù wà lórí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan wí pé, "Bọ̀wọ̀ fún àna, ṣùgbọ́n pe ewé lórúkọ," ẹ mọ̀ pé kò sọ pé kí a má bọ̀wọ̀. Ẹni tí ìtìjú tàbí ojú àwọn èèyàn ń mú pa ohun tó yẹ kó sọ mọ́ ni wọ́n ń pa á fún, pàápàá níbi tí ẹ̀mí bá wà. Wọ́n ń pa á fún ẹni tí wọ́n gbé nǹkan fún pé kó mu, tí kò sì lè béèrè pé kí ni. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń gbé e fúnni pẹ̀lú. Ọ̀wọ̀ á dúró dè wá. Baba tí wọ́n pè lórúkọ ní agboolé yẹn kò bínú, ó dáhùn ni.